Ta Ló Ni Ọwọ́ Ọ̀tún Mi?

Bí ẹ bá bi àwọn tó ti lọ sókè òkun léèrè ohun tó kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, wọ́n á ní òtútù ni. Wọn ò purọ́, òtútù wà, ó sì ń mú dé eegun. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù wà fún òtútù. Ohun tó dà mí láàmú ní tèmi ni pé níbí, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn pé báyìí ni kó ṣe. "Èwo lo fẹ́?" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Mo fẹ́ ra búrẹ́dì, èwo ni mo fẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì, èwo ni mo fẹ́, ṣé dúdú ni àbí onímílíìkì, ṣé mílíìkì màlúù ni àbí ti ẹ̀wà sóyà. Ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n ti bí mi, tó o bá dé ilé onílé, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ lo máa jẹ, wàá ní ẹ ṣeun, ó tán.

Mo rò pé ó máa mọ́ mi lára. Kò mọ́ mi lára rárá. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ èwo-lo-fẹ́ yìí kúrò lórí búrẹ́dì, ó bọ́ sórí ara mi.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fi ilé sílẹ̀. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Èrúwà, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo rí ìwé gbà fún, ìwé náà sì so mọ́ iṣẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń so mọ́ èèkàn. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé bọ́ nìyẹn, mo di èrò ilé, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà sì dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dúró lé.

Ilé ńlá kan tí wọ́n kó àwọn arúgbó sí la ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá wa mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ó ní kí n máa pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí, orúkọ gbọnrangandan, bí ìgbà téèyàn ń pe ọmọ àbúrò ẹ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní bí bàbá náà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ohun tó yàn nìyẹn. Mo wo ọ̀gá, mo wo bàbá arúgbó, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí ẹlòmíràn bá gbé oúnjẹ lọ fún un, á pa ẹnu dé; tó bá jẹ́ èmi ni, á yanu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Ìyẹn nìkan ni mo ní tí mo lè fi fọ́nnu lọ́dún àkọ́kọ́, mo sì fi fọ́nnu dáadáa fún gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù mi.

Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń fún Bàbá lóúnjẹ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa ra ara wọn bí ẹni tó ń bó ègúsí. Mo ní òtútù ni, mo ra ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìkọ̀wé mi bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ojoojúmọ́ la máa ń kọ ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan jẹ àti ohun tó mu sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa gbé ìwé mi sókè, ó ní ta ló máa ka eèrà wọ̀nyí. Èmi tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìkọ̀wé mi lójú pátákó. Inú bí mi débi pé mo jókòó tún gbogbo ẹ̀ kọ, ó tún wá kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dókítà yẹ̀ mí wò. Ó ní kí n máa ṣí ọwọ́ kí n máa pa á dé, ó ní kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀. Ó ní apá mi ọ̀tún kì í fì tí mo bá ń rìn, ńṣe ló kàn so rọ̀ síbẹ̀. Ó ní Pákínsìn ni, àìsàn inú ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n kó sì máa le gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí, mi ò jẹ́ kó hàn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà. Kí ni kí n lò?"

Ó ní, "Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìwọ lo máa yàn."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní ta ló máa yàn? Ó ní èmi. Ó na ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi, ó ní kí n lọ kà á, kí n ro ohun tó jẹ mí lógún jù, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ohun tó jẹ mí lógún jù ni kí n yá. Ó wá rọra sọ fún mi pé kò sí èyí tó ń wo àìsàn náà sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé wọ́n kàn ń mú kó rọ ọwọ́ lọ́rùn ni, kó lè ṣiṣẹ́. Mo jáde, mo jókòó sí ibùdókọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé oògùn ló wá ń bi tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé oògùn wo ni ká lò. Ṣé èmi náà máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì yan ohun tó wù wọ́n kí ìdáhùn ìṣirò jẹ́?

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àwa tó ní àìsàn yìí ló là á yé mi. Obìnrin kékeré kan ni, ó ní sùúrù ju dókítà lọ, sùúrù rẹ̀ náà sì ń bí mi nínú. Ó ní ti àkọ́kọ́, kóró kan ṣoṣo lóòjọ́ ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ da ara rú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ti ìkejì, alẹ̀mọ́ra ni, bíi plásítà, èèyàn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká tàbí ikùn, á wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìyẹn lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè mú oorun òjijì wá, ó sì lè mú kí èèyàn kúndùn nǹkan kan ju bó ṣe yẹ lọ, bíi tẹ́tẹ́ títa tàbí ọjà rírà. Ti ìkẹta ni lẹfodópà, kóró ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Òun ló ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ jù, ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti gorí ọdún, ó lè mú kí ara máa yí fúnra rẹ̀ nígbà míì.

Mo mọ ìyẹn. Ìyá kan wà nílé iṣẹ́ wa tó ti ní àìsàn yìí tipẹ́, ọrùn àti èjìká rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ká fi ti ìkẹta pamọ́ de ọjọ́ iwájú, torí àgbẹ̀ ni bàbá mi, nílé wa a kì í jẹ irúgbìn. Ó ní oògùn kì í ṣe irúgbìn, agbára rẹ̀ kì í tán nítorí pé a tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ, àìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dàgbà. Mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó bi mí nípa oúnjẹ, nítorí pé ti àkọ́kọ́ yẹn lè má bá oúnjẹ tó ti pẹ́ mu. Ó ní ṣé mo máa ń jẹ wàrà gbígbẹ tó ti pẹ́, tó ń rùn. Mo ní rárá o, irú ni mo máa ń jẹ. Ó ní kí ni irú. Mo ṣàlàyé títí, pé èso igi ni, a máa sè é, a máa gbo èèpo rẹ̀ kúrò, a máa bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi ta, á sì máa rùn bó ṣe yẹ kó rùn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó jáde lọ bi ẹnì kan, ó padà wá, ó ní àwọn ò rí irú nínú ìwé kankan, á dáa kí n máa jẹ ẹ́ níwọ̀n. Àwọn tí ò mọ irú, àwọn ni mo fẹ́ bá yan oògùn.

Mo ṣe ohun tí gbogbo ọmọ ilé wa máa ń ṣe: mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Alàájì ni àkọ́bí bàbá wa, Èrúwà ló ń gbé, oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko àti kòkòrò ló ń tà fún àwọn àgbẹ̀. Nítorí náà, kò sí oògùn láyé yìí tí Alàájì ò mọ̀. Nígbà tí mo rò fún un tán, ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ méjì, òun á kó ẹbí jọ. Mo ní, "Alàájì, ọwọ́ mi la ń sọ o."

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ? Ta ló ni ìwọ fúnra ẹ?"

Ọjọ́ méjì pé, ó pè. "A ti fẹnu kò," ló wí. "Alẹ̀mọ́ra ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ̀mọ́ra?"

"Ààwẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ kò bá ààwẹ̀ mu. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kò gba ọ̀fun kọjá, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. A ò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ wa ń gbé nǹkan mì lọ́sàn-án gangan lóṣù ààwẹ̀ nílùú òyìnbó."

"Ti àkọ́kọ́ náà ò ba ààwẹ̀ jẹ́, Alàájì. Ẹ̀ẹ̀kan ni, mo lè lò ó nígbà sààrì."

"Ṣebí ìwọ lo ní kò lágbára. Oògùn tí kò lágbára, omi ni. Èmi tí mò ń ta oògùn ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Oògùn koríko lẹ̀ ń tà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé koríko ò wá ń kú ni?"

Ó tún fi òfin kan kún un, pé Màámi kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìgbó-Ọrà ni Màámi wà, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka ìyá arúgbó lójú. Wọ́n á bò ó títí tí ọ̀ràn náà á fi tán, tàbí títí tí ìyá á fi lọ láìgbọ́. Mo gbà. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ní alẹ̀mọ́ra ni mo fẹ́. Ó ní, "Ó dáa gan-an. Ṣé ìwọ fúnra ẹ lo yàn án?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì. Níbí, wọ́n ní ara mi, tèmi ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi mí. Nílé, ara mi, ti ẹbí ni, èmi gan-an ni wọn kì í bi. Táwọn tibí bá ní tèmi ni, á ṣe mí bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ sí oríta. Táwọn tilé bá ní tàwọn ni, á ṣe mí bí ọmọ ọdún méje. Mi ò mọ èyí tó ń bí mi nínú jù nínú méjèèjì. Ohun tó dá mi lójú ni pé nígbà tí ọwọ́ náà bá ń gbọ̀n, kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí ẹbí níbẹ̀, èmi àti òun nìkan ni.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Màámi máa ń pè mí lórí fídíò. Aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń bá a tẹ̀ ẹ́. Á gbé fóònù ti igbá, á máa bó ègúsí, á máa ro ìròyìn ilé fún mi: ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó gbin gbágùúdá sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi á ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan. Òsì ni mo fi ń gbé ife, òsì ni mo fi ń júwe, òsì ni mo fi ń juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Màámi tí mo mọ̀, tó o bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí i, á gbá a dànù, á ní kó o padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

Alẹ̀mọ́ra ṣiṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìkọ̀wé mi tóbi padà díẹ̀, ọ̀gá wa ní òun ti ń rí i kà. Mo pe Alàájì, Alàájì ní ṣebí òun sọ fún mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìkòkò. Ẹ má bi mí pé ìkòkò kí ni. Yàrá kan ni mò ń gbé, ààrò olójú méjì ni mo ní, ìkòkò mọ́kànlá ló sì wà níbẹ̀. Màá rí i lórí fóònù, màá ní èyí á dáa fún láfún, màá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá ti rí i, ojú á tì mí, màá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e màá tún ra òmíràn.

Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì ò kìlọ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba alẹ̀mọ́ra ló ti bi mí pé, "Ta ló ń gbé pẹ̀lú rẹ tó máa tètè rí i tí ìwà rẹ bá yí padà?" Mo ní kò sí. Ó ní ọ̀rẹ́ ńkọ́, aládùúgbò ńkọ́. Mo ní ilé wa àti ilé aládùúgbò mi fara kanra, ọdún kejì rèé, kò tíì kí mi rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹnì kankan. Mo rí bó ṣe kọ ọ́, ó dùn mí ju orúkọ àìsàn náà lọ. Ní Ìgbó-Ọrà, tí mo bá ra ìkòkò kejì, ìyàwó ilé kejì á ti bi mí pé ta la fẹ́ ṣe ìsìnkú ẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìkòkò pamọ́. Oorun ni kò ṣeé fi pamọ́.

Ọ̀sán kan, mò ń fún Bàbá ní ọbẹ̀ gbígbóná. Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn. Kì í ṣe pé mo tòògbé, torí ẹni tó ń tòògbé mọ̀ pé oorun ń kun òun. Mo kàn wà níbẹ̀, mi ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo lajú, abọ́ ti dojú dé, ọbẹ̀ ti dà sí Bàbá nítan, Bàbá sì di ọwọ́ mi mú. Kò pariwo. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kún fún àánú mi, èmi tí mo sun ún. Itan rẹ̀ pọ́n. Kò bó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó sì ń ta á. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún tí mi ò tíì sun irú ẹ̀ látọjọ́ tí ọkọ mi ti kú.

Ọ̀gá wa kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani níbí, wọn kì í bínú. Ó jókòó, ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n lọ sinmi nílé, kí n má fọwọ́ kan arúgbó kankan títí ilé ìwòsàn á fi kọ̀wé wá pé ọ̀rọ̀ oorun ti lójú. Bí kò bá lójú, ó ní a máa jókòó sọ ọ́ bóyá iṣẹ́ náà ṣì bá mi mu. Mo gbọ́ ọ yé. Iṣẹ́ tí ò bá mi mu, ìwé ò bá mi mu nìyẹn, Ìbàdàn ò bá àwọn ọmọ mi mu nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní ká máa dín alẹ̀mọ́ra kù díẹ̀díẹ̀, kí n má ṣàdédé já a dànù, ká sì bẹ̀rẹ̀ lẹfodópà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò fún un. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn ni, kì í ṣe ìwà mi. Ìyẹn tù mí nínú. Ó fún mi ní páálí oògùn, ó ní kí n máa lò ó ní ààbọ̀ wákàtí kí n tó jẹun. Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Àmọ́ o, ìwọ lo máa pinnu." Díẹ̀ ló kù kí n forí gbá tábìlì rẹ̀.

Mo pe Alàájì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ààwẹ̀ wọlé. Mú sùúrù, ṣì máa lẹ èyí tó ò ń lẹ̀, tá a bá ti ṣínu ọdún tán, ẹbí á tún jókòó."

"Alàájì, mo da ọbẹ̀ gbígbóná sí arúgbó lára lójú oorun."

"Ṣé ò ń mu kọfí?"

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi rí láyé mi.

Ẹ ó rò pé mo wá lo oògùn náà nígbà náà. Mi ò lò ó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni páálí fi wà lórí tábìlì, tí èmi àti òun ń wo ara wa. Màá rántí ìyá tí ọrùn rẹ̀ ń yí. Màá rántí ààwẹ̀, tí mi ò tíì jẹ rí látìgbà tí mo ti di géndé, àyàfi nínú oyún. Màá ní ẹbí ò tíì fẹnu kò. Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi jù, torí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí pé wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ara mi, nọ́ọ̀sì wá fi ìpinnu sílẹ̀ fún mi, ọwọ́ mi ò tó o.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Màámi pè. Igbá ègúsí wà níwájú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò bó o. Mo kí i, ó jẹ́ mi lóhùn. Mo ní ṣé kò sí nǹkan.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má sì purọ́ fún mi. Ọjọ́ wo ni wọ́n gé e?"

"Wọ́n gé kí ni, Màámi?"

"Ọwọ́ ẹ ọ̀tún."

Mo tún ti ọwọ́ náà wọlé sí i lábẹ́ itan.

"Oṣù keje rèé tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn," ni Màámi wí. "Ò ń fi òsì mumi, ò ń fi òsì juwọ́ sí mi. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ò lè ṣàdédé ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ọwọ́ náà ni kò sí mọ́. Mo ní ẹ̀rọ ló gé e níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ ló sì ní kẹ́ ẹ má sọ fún mi. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀. Mo ti sunkún ọwọ́ náà tán. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n gé e ni, kí n lè mọ bó ṣe pẹ́ tó tó o ti ń dá a jẹ."

Oṣù méje. A ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ká má sọ fún un pé ọwọ́ ń gbọ̀n, òun ti jókòó sílé, ó ti ge ọwọ́ náà, ó ti sin ín, ó ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ó sì ń bó ègúsí, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi kí n má baà mọ̀.

Mo fa ọwọ́ ọ̀tún yọ lábẹ́ itan, mo gbé e sójú fóònù. Ó ń gbọ̀n dáadáa, torí ẹkún ti ń gbọ̀n mí fúnra mi. Màámi sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo gbọ́ ọ tó ń kà á. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún." Ó tún un kà. Ó ní, "Àlùhámúdúlíláì. Wọ́n pé."

Mo ní, "Ó ń gbọ̀n, Màámi."

"Mo rí i pé ó ń gbọ̀n. Ohun tó bá wà ló ń gbọ̀n."

Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un, àtorí ìkọ̀wé tó ń kéré dórí ìkòkò, dórí itan Bàbá, dórí páálí tó wà níwájú mi. Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé orí ààwẹ̀, ó ní kí ni Alàájì wí? Mo tún un sọ.

"Ta ni Alàájì? Èmi kọ́ ni mo bí i? Ọlọ́run tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló ní kí ẹni tára ẹ̀ ò le máa bọ́ tálákà dípò ẹ̀. Màá bá ẹ bọ́ wọn níbí. Láfún ò wọ́n wa, ilasa ń bẹ lóko. Kí Alàájì wá bá mi níhìn-ín, kó wá sọ fún mi pé ẹbí ò tíì fẹnu kò."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Mo mọ ẹnì kan tó lò ó, ara rẹ̀ ń yí nísinsìnyí."

"Ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé mo mọ̀ ọ́n."

Nínú gbogbo ẹni tó ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ yìí, òun nìkan ló sọ pé òun ò mọ̀, tí kò sì fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Ó tún padà sórí Alàájì, ó ń bú u láti ìgbà èwe rẹ̀ bọ̀, àgbò tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé mẹ́fà tó tún kà. Ó ṣì ń bú u lọ́wọ́ tí mo fi já páálí náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n já a. Mo ronú kan ìyá tí ara rẹ̀ ń yí, mo ronú kan itan Bàbá, mo ní bó bá jẹ́ ara tèmi ló máa yí lọ́jọ́ iwájú, kó yí, ṣùgbọ́n mi ò tún ní da nǹkan gbígbóná sí ẹnikẹ́ni lára. Mo yọ kóró kan sórí àhọ́n.

Màámi rí i, ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ Alàájì.

Mo na ọwọ́ òsì sí ife omi.

"Ọ̀tún," ni Màámi wí.

Mo fi ọ̀tún gbé e. Omi dà sí mi láyà, ó dà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú ife tó láti fi gbé kóró kan mì.